Kaba Aláró Tó Dìbò

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ketura Van Nest ti ń dìbò. Ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ló pa ọkọ rẹ̀, iye owó oko tí ọkọ náà fi sílẹ̀ fún un sì ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ. Ìwé òfin tí àwọn àgbà Niu Jásì, ní Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún tí wọ́n kọ ọba sílẹ̀ sọ pé gbogbo olùgbé tó bá ní ohun ìní tó bẹ́ẹ̀ lè dìbò. Gbogbo olùgbé ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ gbogbo ọkùnrin. Ketura mọ gbólóhùn yẹn sórí bó ṣe mọ Sáàmù kẹtàlélógún.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n bú ẹnikẹ́ni lónìí." Ó dìde, ó kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ yàn sínú bébà pélébé kan, ó ká kaba aláró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé ìpàdé lọ.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé òfin tuntun ti jáde. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìlú méjì ń du ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ẹjọ́ sí, àwọn ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin, wọ́n fi lọ dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí àwọn aṣòfin jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, ta ni wọ́n fìyà jẹ? Àwọn obìnrin ni. Wọ́n ní ọkùnrin funfun nìkan ni yóò máa dìbò láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n sì gbá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira mọ́ ọn, àwọn tí kò wọ kaba ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ń hó nínú Ketura bí ìkòkò ọṣẹ.

Aládùúgbò rẹ̀, Gerṣomu Tunison, ni ìlú fi ṣọ́ àpótí ìbò. Ó jókòó sórí àga, ìkòkò tábà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ wá wò wá ni?"

"Mo wá dìbò."

"Ẹ ti gbọ́ òfin, Màmá. Ẹ lọ jókòó ti iná yín. A ó bá yín yan ẹni rere."

"Ìwọ tí o kò tíì ra ẹṣin kan tí kò tiro rí."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn tó tò sẹ́yìn. Ti Samsoni ló pọ̀ jù, ọkùnrin dúdú tó ń kan àgbá, tí wọ́n ti dá padà láti àárọ̀, tó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò lọ.

"Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín, Samsoni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n rín in. Òun nìkan ni wọn ò tíì fi òfin gbà lọ́wọ́ mi."

Ketura yíjú sí akọ̀wé, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dìbò á pe orúkọ rẹ̀ sókè, akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé, ẹnikẹ́ni sì lè ní kí wọ́n ka ìwé náà fún òun.

"Ẹ bá mi wo orúkọ mi nínú ìbò ilé ẹjọ́ ti ọdún tó kọjá."

Akọ̀wé gbé ìwé sún mọ́ imú. "Opó Ketura Van Nest, ojú ewé kìíní." Ó ṣí i lọ, ó ṣí i lọ. "Opó Ketura Van Nest, ojú ewé kẹsàn-án." Ó gbójú sókè. "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wá." Ketura fa kaba yọ nínú apẹ̀rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kaba yìí di àwátì lórí okùn tí mo sá a sí. Nígbà tó padà, ó ti ya ní abíyá, iná tábà sì ti jó àyà rẹ̀. Ìyàwó rẹ ló sọ fún mi pé ìwọ lo wọ̀ ọ́, Gerṣomu, níbi tí a ti ń rán aṣọ ìbora pọ̀. Ó rò pé mo ti mọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín."

Gerṣomu yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. "Eré la fi ṣe, Màmá. Kì í ṣe èmi nìkan. Nígbà tí akọ̀wé bi mí lórúkọ, mi ò tíì ronú kan orúkọ kankan. Orúkọ ẹni tó ni kaba ló bọ́ sí mi lẹ́nu."

"Daniẹli ọkọ mi," ni Ketura wí, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè, "agbé-ìbọn-kọjá-odò-yìnyín, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ já tí kò padà lẹ́yìn ogun. Ó kú kí ẹnikẹ́ni má baà fi òfin tí a ò lọ́wọ́ sí jọba lé wa lórí. Ìwọ jí aṣọ mi, o jí orúkọ mi, o fi dìbò, wọ́n sì fún ọ ní àga. Èmi tí mo ni aṣọ, tí mo ni orúkọ, èmi ni kí n lọ jókòó ti iná."

Ó na bébà rẹ̀ sí akọ̀wé.

"Mi ò lè gbà á, Màmá. Òfin ni." Bàbá náà sọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ó dáa." Ketura tẹ́ kaba náà sórí tábìlì níwájú àpótí, ó kọ ojú ibi tó jó sókè. "Èyí ti dìbò rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Ó lọ dúró ti Samsoni. Gerṣomu nawọ́ kó ká kaba, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó kàn láti dìbò fa ìwé tirẹ̀ padà sí àyà. "Má fọwọ́ kàn án. Níwọ̀n ìgbà tí o bá wà lórí àga yẹn, o ò ní gba ìwé mi." Ẹni tó tẹ̀ lé e náà wí bẹ́ẹ̀. Gerṣomu mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde láìwo ẹnikẹ́ni.

Títí di ìrọ̀lẹ́, orí kaba ni gbogbo ọkùnrin ń na ọwọ́ kọjá kí wọ́n tó ju ìwé sínú àpótí. Kò sí èyí tó lè wo ẹnu ọ̀nà. Ketura wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bébà tirẹ̀ ti rọ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti àpótí pa, akọ̀wé ká kaba, ó gbé e wá fún un.

"Mi ò tíì gbà á," ni Ketura wí. "Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀, ẹ kọ ti Samsoni. Ẹ kọ ọ́ pé a wá, ẹ sì lé wa."

Akọ̀wé ṣí ìwé náà. "Òfin ò sọ pé kí n má kọ ìyẹn," ló wí, ó sì ti kálámù bọ tàdáwà. Samsoni sún mọ́ tábìlì, kò sì gbójú kúrò lára kálámù náà títí tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.