Ọmọ Aláìlóbìí Tí Kò Mọ Ẹkún Sun

Nígbà tí ìjọba ń wá ìdílé tí yóò gba àwọn ọmọ tí ogun pa òbí wọn sílé, onídìrí kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Inú rere wà níbẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyìn máa ń dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Kí ọmọ náà tó dé rárá ni àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Aláàánú. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wọn ní orúkọ náà.

Ọmọ tó gbẹ bí igi ìdáná, tí omijé kì í dá lójú rẹ̀, ni Ìyá Aláàánú ń retí. Ọmọbìnrin tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò fi àlàfo eyín rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà. Kí lẹ sè?"

Bí àlejò bá wá wò ó, eré ló ń ṣe. Ìyàwó télọ̀ mú aṣọ ìnujú dání wá, kò rí omijé kankan nù. Ó rọra bi Ìyá Aláàánú létí pé, "Ṣé ó dá yín lójú pé ogun yẹn dé ìlú ọmọ yìí?"

Ojú gba Ìyá Aláàánú tì. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin àdúgbò fẹ́ kóra jọ wá, ó fa ọmọ náà sí kọ̀rọ̀.

"Bí wọ́n bá dé, fajú ro díẹ̀. Bí omijé bá ń bọ̀, má dá a dúró."

"Ṣé nǹkan ṣe wọ́n ni, mà?"

"Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ìwọ ni nǹkan ṣe!"

Àwọn obìnrin kún pálọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tẹ̀lé wọn. Ọmọ fajú ro, ó fún imú pọ̀, ó gbìyànjú títí. Níkẹyìn, ó yíjú sí Ìyá Aláàánú.

"Mà, ó kọ̀, kò wá. Ṣé kí n lọ mú àlùbọ́sà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aláàánú wá ihò tí ì bá wọ̀, kò rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ lọ sí ilé mìíràn.

"Rárá o. Oúnjẹ wọn dùn, ọwọ́ wọn kì í dunni tí wọ́n bá ń dirun. Ẹnu wọn nìkan ló pọ̀."

Láti ìgbà náà, Ìyá Aláàánú ò pe àlejò mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan ń fi imú kọrin bí Ìyá Aláàánú ṣe ń dirun fún un. Òòyà tí ọmọ náà ń bá a mú dání bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ó bú sẹ́kún, ẹkún tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá.

"Orin ìyá mi nìyẹn," ló ń sọ. "Orin ìyá mi ni."

Ìyá Aláàánú wo ojú títì, ibi tí èrò ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ó ní kí oníbàárà jọ̀ọ́ bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan.

"Ìdajì orí mi ńkọ́?" ni oníbàárà ń pariwo níta, tó ń gbá ilẹ̀kùn.