Níbi Tí Àwọn Àgùntàn Wà Lónìí

Ishbel ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wo ojú ọ̀run fún ìgbà karùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Díẹ̀ ló kù kí ìjì já ilẹ̀kùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi èjìká tì í pa.

"Tóo bá tún ṣí i, ìjì yẹn náà lo máa bá níbẹ̀," ni Fearchar wí. Aládùúgbò wọn ni. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń mu tíì tí ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu tíì yín," ni Ishbel dá a lóhùn.

Ruairidh, bàbá Ishbel, wà lórí àga kejì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Ó ti wọ bàtà rọ́bà, ó gbé ìbọn lé itan, ó ń ki ọta bọ àpò ẹ̀wù òjò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n fi àpò bo òkú ọmọ àgùntàn kan. Ìdájí ni ìyá rẹ̀ bí i. Kí Ishbel tó débẹ̀, kannakánná méjì ti yọ ọ́ lójú, wọ́n ti ṣá ahọ́n rẹ̀ jẹ. Ìkẹta nìyẹn láàárín ọjọ́ méjì, ọgbọ̀n abo àgùntàn ló sì kù tí kò tíì bí.

"Irú ìjì báyìí ni ọdẹ kannakánná ń tọrọ," Ruairidh wí. "Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, òkè réré ló máa wà tí á ti máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí kò lè gòkè. Ilẹ̀ ló máa fò mọ́, kò sì ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni."

"Kò sírọ́ ńbẹ̀," ni Fearchar wí.

Ohun tó ń da Ishbel láàmú gan-an ni pé kò sírọ́ ńbẹ̀. Ó rìn láti ojú fèrèsé dé ìdí ààrò, ó tún padà. Ó wù ú kí ẹyẹ méjèèjì kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Síbẹ̀ nǹkan kan ń gún un lọ́kàn, kò sì mọ ohun tí í ṣe.

"Bàbá, ibo lẹ máa ba sí?"

"Ibi tí bàbá mi ń ba sí. Ìdí àpáta. Màá gbé ẹyin adìyẹ kan síwájú láti fi tàn án, màá kẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Kannakánná kì í bà láìkọjú sí atẹ́gùn. Ojú mi kòròkòrò ló máa fò wá."

Ishbel gba ife lọ́wọ́ Fearchar, ó gbé e sórí tábìlì.

"Tíì mi nìyẹn o."

"Àpáta ni ife yìí báyìí." Ó fi ṣíbí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà. "Ìbọn rèé. Ọ̀dọ̀ òkun ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, ìhín lẹnu ìbọn kọjú sí. Ẹyẹ ń fò mọ́lẹ̀, torí náà ìbọn ò lè gbórí sókè, gbalaja ló máa nà." Ó da ṣúgà oníhóró mélòó kan sí iwájú ṣíbí. "Ibo làwọn àgùntàn wà lónìí?"

Ó tọ́ka sí ṣúgà náà. Láti àná ni ìjì ti lé agbo kúrò létí òkun, gbogbo wọn sì ti lọ sápamọ́ sínú kòtò tó wà níwájú àpáta.

"Láyé bàbá yín, orí òkè làwọn àgùntàn ń bímọ sí," Ishbel wí. "Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá sí pápá ẹ̀bá ilé."

Fearchar họ irùngbọ̀n. "Tí Ẹ̀gbọ́n bá kọjú sódìkejì ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ni ẹyẹ á gbà yọ sí wọn. Á ti rí fìlà wọn kí wọ́n tó rí ìyẹ́ rẹ̀."

"Mo ti ń yìnbọn kí n tó bí ọ," ni Ruairidh wí.

"Mo mọ̀, Bàbá. A ò níí yìnbọn lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ti àwọn àgùntàn. Kannakánná kì í bà síbi téèyàn bá wà."

"Kí n lọ jókòó bí ère tí wọ́n wẹ̀wù fún sínú oko?"

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín nìkan ti tó lé wọn," ni Fearchar wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ishbel nìkan ló lọ. Ó jókòó sáàárín agbo, ìjì ń fà á létí. Kò pẹ́ tí àwọn kannakánná náà dé. Wọ́n rọ̀ sójú afẹ́fẹ́, wọ́n ń lu apá láì lọ síwájú, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde láti lọ gbé ìbọn fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún jókòó.

Ó tó wákàtí kan kó tó rí bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀pá nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ruairidh jókòó sódìkejì abo àgùntàn kan tó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, tó fẹ́ bímọ.

"Àwọn olè yẹn ti dé?" ló béèrè.

Ishbel wò ó. Ẹyẹ méjèèjì wà lápá òsì bàbá náà, wọn ò jìnnà ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé lọ, wọ́n dúdú kirikiri lójú ọ̀run funfun. Ojú bàbá rẹ̀ ń wá wọn kiri níwájú, kò sì rí wọn.

Ó na ọwọ́ kọjá orí àgùntàn náà, ó di èjìká bàbá rẹ̀ mú, ó rọra yí i.

"Ọ̀hún nìyẹn, Bàbá. Ẹ pariwo mọ́ wọn."

Ruairidh gbé ọ̀pá sókè, ó sì pariwo.