Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ìbéèrè mẹ́tàlá àkọ́kọ́ kò ní wàhálà kankan. Orúkọ bàbá: Mọ́rúfù. Iṣẹ́ bàbá: mọkáníìkì. Ibi tí bàbá ń gbé: Èjìgbò. Khàdíjàt ọmọ mi ń bi mí, mo ń dáhùn, ó ń kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù físà. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lọ́nà ìlú Ara. Nígbà tó dé orí ìkẹrìnlá, ó na bírò sí mi.

"Bàbá, wọ́n ń béèrè bóyá ẹ ní ọmọ tàbí ẹbí kankan tó ń gbé ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín kọ ìdáhùn, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Rọ́ṣíà nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ìjọba ibẹ̀ ló san owó ẹ̀kọ́ mi, mo kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ńjìnnì tírákítọ̀. Mo fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Lúdà, ó sì bí Ádámù fún mi. Èmi ni mo pe ìrun sí ọmọ náà létí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìwé ìgbélùú mi parí. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Lójú wọn, ẹni tó bá ń lọ sí ibi tí àwọn òyìnbó ìwọ̀-oòrùn ti lẹ́nu, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Mo délé, mo tún kan ti àwọn òyìnbó ìwọ̀-oòrùn náà. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Ìbàdàn ń wá ẹni tó mọ ẹ̀ńjìnnì. Ọ̀gá wọn wo ìwé ẹ̀rí mi, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń dojú ìjọba dé ni wọ́n kọ́ mi. Mo ní píísítìnnì inú ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n kọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbà mí. Nígbà tó di bí ọdún méje lẹ́yìn náà, tí ìjọba àtijọ́ Rọ́ṣíà yẹn túká, ọ̀gá yìí kan náà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá máa bá òun túmọ̀ èdè fún àwọn oníbàárà láti Rọ́ṣíà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní gbogbo wa ti di ọ̀rẹ́. Ìwé ẹ̀rí yẹn náà ni o! Wọn ò pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ní báyìí, Rọ́ṣíà ti lọ gbógun ti Yúkréènì. Ohun tí wọ́n ṣe kò dára, mi ò sì ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n òyìnbó tún ti yí ojú padà, ẹnikẹ́ni tó bá ti fara kan Rọ́ṣíà rí ti di ẹni tí wọ́n ń fura sí. Ní ti àwọn ọmọ ìlú wa tó ń ti Àbíjáǹ dé, tí inú wọn ò dùn sí Faransé, tí wọ́n wá ń gbè Rọ́ṣíà, ńṣe ni wọ́n máa ń kí mi ní "Tọ́ntọ́n Rọ́ṣíà!", ìyẹn "Àǹkù Rọ́ṣíà" lédè Faransé, bíi pé èmi ni mo ni ín. Gbogbo wọn ló sú mi pátápátá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 'Kò sí,'" Khàdíjàt ní. Fásitì kan ní ìlú òyìnbó ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn ò sì ní gba fọ́ọ̀mù mọ́. "Sọ̀fíyátù tá a jọ kàwé kọ 'Bẹ́ẹ̀ ni' torí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà níbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án rèé, wọn ò dá a lóhùn."

"Ẹ̀gbọ́n tìẹ náà ni Ádámù."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ràn Bùọ̀dá Ádámù. Àmọ́ ọmọ yín lèmi náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tí mo bá kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", mo ti dínà mọ́ ọn. Tí mo bá kọ "Kò sí", mo ti fi ọwọ́ ara mi sẹ́ ọmọ tí mo pe ìrun sí létí. Aago mẹ́ta ti lù.

Mo pe Ádámù. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń sọ̀rọ̀, èdè Rọ́ṣíà la sì máa ń sọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ yẹn, nítorí náà àyà rẹ̀ já. Ó ní ṣé ara mi le. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ pé kò sí."

"Mi ò sẹ́ ọ rí, Ádámù. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó mi."

Ádámù ní, "Èmi ti sẹ́ yín."

Níbi tó ti ń tún ẹ̀ńjìnnì rélùwéè ṣe ni. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bi àwọn òṣìṣẹ́ wọn léèrè ẹni tí wọ́n ní ní òkè òkun. Òyìnbó ń fura sí wọn, àwọn náà sì ń fura sí ara wọn. Kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé bàbá òun ti kú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Gbogbo Jímọ̀ tá a ti ń kí ara wa láti ìgbà yẹn, òkú ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dùn mí gan-an. Mi ò bú u. Kí ni ǹ bá fi bú u, tí bírò ti wà lọ́wọ́ èmi náà?

Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n béèrè ibi tí wọ́n sin mí sí?"

"Wọ́n béèrè. Mo kọ Èjìgbò. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣáà mọ ibi tí bàbá mi wà."

Khàdíjàt nu ojú rẹ̀, ó ní kí ni Bùọ̀dá Ádámù sọ. Mo ní ó ní kó máa lọ ire. Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo kọ "Kò sí" síwájú ìkẹrìnlá, mo sì buwọ́ lù ú.