Ìkúùkù ni Mọ́nsúrù Lọ Wò

Mọ́nsúrù àbúrò mi mọ bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà ilé mi ní àdúgbò Uwani. Yunifásítì tó ti ń kọ́ni kò jìnnà sí wa. Á dé Ninth Mile lẹ́nu ọ̀nà ìlú wa, á ra oúnjẹ ọkpa, á jẹ ẹ́ tán, á sì yí padà.

Nígbà tí Ìyá wa kú, òkè òkun ló wà. A kò rí i níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní wọ́n ti yan òru díẹ̀ fún òun nídìí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, pé bí òun bá pàdánù rẹ̀, ó di ọdún mìíràn. Èmi nìkan ni mo jókòó ti àwọn ààfáà. Láti ìgbà náà n kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Àfi bí Waliyat ọmọ mi ṣe ní iṣẹ́ ìràwọ̀ yìí lòun fẹ́ lọ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́, àfi tí bàbá ìràwọ̀ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé mi tí ọ́ìlì mọ́tò ti bà jẹ́. N kò tètè ní kó dìde.

“Kí gan-an lò ń wò lókè?”

“Àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké tó wà nítòsí tiwa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Aràrá là ń pè wọ́n.”

“O wá pa àdúrà Ìyá tì nítorí aràrá.”

“Daddy, abeg,” ni Waliyat wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé.”

Mọ́nsúrù ní àwọn ìràwọ̀ kan wà tó ń tàn, tí wọ́n ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n tún ń tàn. Bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó tún tàn ló ń sọ agbára iná wọn gan-an. Bí a bá wá wo bí wọ́n ṣe rí bàìbàì tó lójú wa, a ó mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó.

“Bàìbàì nìwọ náà rí lójú mi,” ni mo sọ. “Wọn ìyẹn fún mi.”

Waliyat fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹ̀rín.

“Kí lo wá rí ní gbogbo òru tí wọ́n yàn fún ọ yẹn?”

Mọ́nsúrù nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀.

“Ìkúùkù. Ojú ọ̀run kò ṣí rárá. N kò rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè wá wò yín.”

“Ìkúùkù wà lórí òkè Milliken Hill wa níbí nígbà òjò,” ni mo fèsì. “A kì í wọ bààlúù lọ wò ó.”

Waliyat ń wò mí. Mo ti ní kí bàbá ìràwọ̀ wá, ó sì ti wá. Tí mo bá sọ̀rọ̀, n kì í kó o jẹ.

“Máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ìkúùkù bá bo ojú ọ̀run, kó máa bọ̀ nílé.”

“Ìgbà òjò ńkọ́, Daddy?”

“O ó máa bọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn.”

Mo ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún Mọ́nsúrù. N kò ní kí wọ́n fi ẹran sí i.