Ẹyẹ Tí Kò Nímú

Orí ẹyẹ méje ló wà nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Mushin kí ìkẹjọ tó dé. Ẹyẹ òkun ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe. Ibi tí mo ti lọ tún ọ̀kan ṣe ní Makoko ni mo ti mọ Lucy, tó ń yan ẹja. Bí ẹyẹ bá há sínú àwọ̀n tí ọkọ rẹ̀ ń jù sókun tó sì kú, Lucy á gé orí rẹ̀, á wé e sínú náílọ́ọ̀nù fún mi. Bí n kò bá mọ irú ẹyẹ tó jẹ́, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, tó kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Yaba. Òun ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ wo ẹnu, kí n tó wo imú.

Ìkẹjọ yìí tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó rí ṣónṣó. Mo rẹ ẹ́ sínú omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lẹ́yìn ilé títí ẹran ara rẹ̀ fi rà dànù. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, mo wá ihò imú rẹ̀, n kò rí i. Mo rò pé iyanrìn ló dí i. Mo fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wá a yíká, egungun ṣáá ni mò ń bá. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá kò tíì dáhùn tí Àǹtí Mojísọ́lá, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, fi jáde sẹ́yìn ilé tó ń wá ohun tó ń rùn.

"Fadilah! Kí nìyẹn lọ́wọ́ ẹ?"

"Orí ẹyẹ ni, Àǹtí."

Ó sún mọ́ mi, ó wò ó. "Imú ẹ̀ dà?"

Mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì hàn án, ó fò sẹ́yìn.

"Ẹyẹ tí ò nímú! Ẹ gbà mí o! Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé yìí, ẹ jáde! Ẹyẹ wo ni Ọlọ́run dá tí ò nímú? Abájọ tí ọmọ mi ò ṣe rí oorun sùn látọjọ́ yìí!"

Alhaja, onílé wa, kò pariwo. "Fadilah, wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ lò ń tọ́jú sínú ilé mi. Mú ẹni tó mọ ẹyẹ yìí wá kí n tó kírun alásárì lọ́la. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́."

Kí n tó rí yàrá yẹn gbà, ìsọ̀ ọ̀gá mi ní Ọ̀yìngbò ni mò ń sùn, lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lé. Ìgbà òjò méjì ló bá mi níbẹ̀. Bí omi bá wọlé, màá to páálí léra, màá jókòó lé e títí ilẹ̀ á fi mọ́. Eku jẹ etí ìwé báyọ́lọ́jì mi, ó sì jẹ mí ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. N kò fẹ́ padà síbẹ̀.

Mo pe Lucy, ó sì dé lọ́jọ́ kejì, òórùn èéfín ẹja ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Alhaja jókòó ní pálọ̀, orí ẹyẹ náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Àǹtí Mojísọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un lẹ́yẹ yìí?" Alhaja bi Lucy.

"Èmi ni, Ma. Inú àwọ̀n ọkọ mi ló kú sí. Ó máa ń fò lọ sókè pátápátá ni, á wá dorí kodò, á já wọnú omi gbàù, á mú ẹja."

"Mi ò bi yín léèrè ohun tó ń jẹ. Imú ẹ̀ ni mò ń bi yín."

Lucy ní òun kì í wo imú ohun tí òun ò ní tà. Àǹtí Mojísọ́lá pòṣé.

Fóònù mi dún. Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá ni. Mo gbé e sí sípíkà.

"Fadilah, má bínú, mò ń máàkì ìdánwò ni. Ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní gánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Wọn kì í ní ihò imú níta. Bó ṣe ń já sómi láti òkè yẹn, tó bá níhò, omi á ya wọ orí ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló ti ń mí."

"Ẹ káàsán o, tíṣà," Alhaja dá sí i. "Ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí i báwo?"

"Ẹ di imú yín mú, Ma. Ẹ la ẹnu díẹ̀."

Alhaja fi ìka méjì di imú rẹ̀ mú. Ó la ẹnu díẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta.

"Mojísọ́lá," ó pè é, imú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, "ṣé èmi náà ti di àjẹ́ báyìí?"

Lucy rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àǹtí Mojísọ́lá ní ohun tí òun sọ kò ju pé ó ń rùn lọ.

"Ó ń rùn lóòótọ́," ni Alhaja wí. Ó yíjú sí mi. "Ìkòkò wo lo fi sè é?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló lè lé mi nílé. Ẹyẹ tó kú sínú àwọ̀n, òkú-ǹbete ni, ẹran tí a kò dúńbú. Alhaja kò ní jẹ ohun tí a bá sè nínú ìkòkò tó bá ti kàn án, kíṣíìnì kan náà ni gbogbo wa sì ń lò.

"N ò sè é, Alhaja. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni mo rẹ ẹ́ sí."

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò gbọdọ̀ wọ kíṣíìnì mi. Ẹ̀yìn táńkì ni kó máa wà, kó o sì máa dé e dáadáa. Lọ tú ẹrù ẹ sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì nawọ́ sí orí ẹyẹ náà. Ó fà á sẹ́yìn.

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìyá àsàlátù ń bọ̀ nílé mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Nígbà tí wọ́n dé, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo jókòó sí, mò ń gbọ́ wọn láti pálọ̀. Wọ́n parí àdúrà. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ẹyẹ kan ṣe ń já sínú òkun. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n rọra gbé orí ẹyẹ náà o, kí ẹnu ẹ̀ má lọ ṣẹ́. Àǹtí Mojísọ́lá ni, tó ń bá wọn pín omi.