Ọ̀pá Ọwọ́ Òsì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ẹ̀gbọ́n fi wa bàálù kékeré tó ń fọ́n oògùn sórí oko àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Bàálù di ohun tó ń gbójú sókè wò láti ojú fèrèsé.

Àbúrò rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe, ló bá a fi eré tí wọ́n ti ń wa bàálù sínú kọ̀ǹpútà. Òun náà ló bá a wá ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, ògbólógbòó kan tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì. Irú rẹ̀ ò sí mọ́. Àwọn tuntun tó wà lọ́jà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n mọ̀.

Láràárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n máa ń gbé bàálù yí oko ká, tí á sì fi í balẹ̀. Ohun tó kù fún un láyé nìyẹn. Ọwọ́ òsì náà ti ń gbọ̀n. Dókítà ní kò ní pẹ́ tẹ̀ lé ọ̀tún.

Lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n ń tòògbé lórí àga nígbà tí kọ̀ǹpútà béèrè ìbéèrè kan. Ṣé kí eré náà gba àtúnṣe? Àbúrò tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àtúnṣe ló fi ń jẹun. Báwo ni yóò ṣe kọ̀ ọ́?

Nígbà tó parí, òkè dà bí òkè gidi, omi ń dán. Ṣùgbọ́n eré náà ò mọ ọ̀pá náà mọ́.

Ó di Ọjọ́bọ̀. Àbúrò ti tú ọ̀pá náà palẹ̀, ó ti yọ́ léèdì tuntun fi lẹ wáyà rẹ̀ pọ̀. Ó wo orúkọ àwọn ọ̀pá tí eré náà gbà, kò bá tiwọn níbẹ̀. Ó mú èyí tó jọ ọ́.

"Ẹ fà á, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n fà á. Dípò kí bàálù gbémú sókè, ṣe ló ki imú bọlẹ̀.

"Ó ń ṣe bíi tìẹ ní kékeré," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "A ní máa bọ̀, ò ń lọ."

"Ẹ tì í sápá òsì."

Ẹ́ńjìnnì kú.

Àbúrò ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe eré náà. Wọ́n dáhùn pé ọ̀pá náà ti gbó, kí wọ́n ra tuntun. Ó ní kí wọ́n dá eré àtijọ́ padà fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní in mọ́. Ẹ̀pà ò bóró mọ́.

"Ẹ máa sọ ọ́," ni Àbúrò wí, "èmi á máa tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà."

"Ìwọ tí o ò lè gun kẹ̀kẹ́."

"Ẹ ṣáà máa sọ."

"Ó dáa. Imú sókè. Díẹ̀. Mo ní díẹ̀! Sọ ọ́ kalẹ̀. Ha!"

Ilẹ̀ gbà wọ́n.

"O ti pa wá," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbé."

"Ẹnu kọ́ la fi ń wa bàálù."

Àbúrò ṣí ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Èyí tí o tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"



"Mo rò pé ẹ ń sùn."

"Ojú mi là."

"Kí ló dé tí ẹ ò dá mi dúró?"

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí ọ̀pá.

"Mo rí i pé wọ́n kọ àtúnṣe síbẹ̀," ó ní. "Mo rò pé..."



Àbúrò na ọwọ́ láti yọ wáyà ọ̀pá náà.

"Fi í sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Eré náà ti dá bàálù padà síbi tí yóò ti sáré gbéra. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Ẹ̀gbọ́n rọra fa ọ̀pá náà mọ́ àyà, bí a ṣe ń gbé imú bàálù kúrò nílẹ̀. Imú bàálù ò gbéra.

Ó tún fà á.