Alápàándẹ̀dẹ̀ Inú Kẹ̀kẹ́ Ńlá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ẹ̀rọ fi ń sọ àwọn awakùsà kalẹ̀ sínú ihò, tó sì ń fà wọ́n jáde láyọ̀, ní erékùṣù wọn. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lo epo dísù ló ń darí. Kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn irin rẹ̀ ga ju èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Nígbà tí bàbà, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà, tán nínú ilẹ̀, àwọn ọ̀gá kẹ́rù sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ. Bàbá Ẹ̀rọ kò lọ ní tiẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi gírísì pa ẹ̀rọ lára bí ẹni ń pa ìkókó lóròóró.

Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bó bá jẹ́ báyìí lẹ ṣe ń tọ́jú mi ni, mi ò bá ti padà di ọmọge."

Ìgbà tó yá, lẹ́tà dé: ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba, yóò wo ilé ẹ̀rọ náà bóyá ó yẹ ní dídá sí. Bí kò bá yẹ, wọn yóò wó o.

"Màá tan ẹ̀rọ lójú ẹ̀!" ni Bàbá Ẹ̀rọ wí. "Ta ló máa wó ohun tó ń ṣiṣẹ́?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ dán an wò. Ó bá Tíṣà, àbúrò ìyàwó rẹ̀, níwájú kẹ̀kẹ́, tó na ọwọ́ méjèèjì bí agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́lé. Látìgbà tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹyẹ erékùṣù ló ń kọ sínú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ó tọ́ka sókè. Láàárín ọ̀pá méjì lára kẹ̀kẹ́, lókè níbi tí ọwọ́ gírísì Bàbá Ẹ̀rọ kì í dé, alápàándẹ̀dẹ̀ ti fi ẹrẹ̀ mọlé, ó ti yé ẹyin mẹ́rin.

"Ta ló fún un láyè?"

"Ta ló fún ẹ̀yin náà? Ẹ̀ ń bẹ ìjọba kí wọ́n má wó ilé, ẹ wá fẹ́ wó ti ẹyẹ."

"Ilé tí ò kanlẹ̀ tí ò kanrun! Tèmi kanlẹ̀!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọ́ gun àkàbà, ó fẹ́ rọra ṣí ìtẹ́ náà kúrò. Ẹyẹ wò ó, òun náà wo ẹyẹ. Ó rí i bó ṣe to ìṣù ẹrẹ̀ kéékèèké léra wọn láìsí ọ̀kan tó yọ síta. Oníṣẹ́ ọwọ́ lẹni yìí. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ pé, ọ̀gá dé. Obìnrin ni, ó wọ bàtà ńlá, fáìlì wà lábíyá rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ máa tan ẹ̀rọ fún mi."

"Kò ṣeé tàn. Onílé wà nínú ilé." Ó fi ìtẹ́ hàn án.

"Báwo ni màá ṣe wá mọ ohun tó ń ṣe?"

Ni bàbá bá jókòó sórí àga iṣẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu: "Kúù… kúù… gbùdù-gbùdù-gbùdù!" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù. Ó fi ẹnu lu agogo lẹ́ẹ̀mejì, àmì pé èèyàn ń wọ ihò lọ.

"Ẹ di irin mú, ọ̀gá! A ti ń wọlẹ̀!"

Ọ̀gá kò mọ̀gbà tó di irin mú. Tíṣà gbè é, ó di omi tó ń kán nínú ihò: "Tò… tò…" Ìyàwó bàbá ń wúkọ́ bí àwọn awakùsà. Nígbà tí wọ́n padà gòkè, ọ̀gá gbọn orí.

"Ó mà dà bíi pé etí mi dí, bí ẹni tó wọ ihò jíjìn lóòótọ́!"

Alápàándẹ̀dẹ̀ kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé: wọ́n dá ilé àti ẹ̀rọ sí, pẹ̀lú etí òkè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ti ń jẹun. Wọ́n ní kí bàbá máa mú àlejò káàkiri, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ bí ẹyẹ bá ń sàba. Ẹnu ló wá fi ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn àlejò, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ fò lọ, bàbá tan ẹ̀rọ gidi. Ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ díẹ̀, lẹ́nìkan bá ní, "Bàbá, tẹnu yẹn ńkọ́?"

Inú bí i fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ bá a ní yàrá, níwájú dígí, tó ń fi ẹnu kọ́ bí búrékì ẹ̀rọ ṣe ń dún.